Ọjọ́ tí Ilé Ọpẹ́ Pòórá Lójúde

Ilé Ìrètí ti gbéra. Ọkọ̀ afàlé ti fi okùn kọ́ ọ nídìí, ó ń wọ́ ọ lọ jẹ́jẹ́ lórí omi, tòun ti ìyá arúgbó tó ń din àkàrà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ tí kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ilé Àánú tẹ̀ lé e. Nígbà tó kan Ilé Ayọ̀, ọkọ̀ afàlé dé ẹnu ọ̀nà, ó tan iná pupa, ó dúró gbagidi.

"Mi ò rí i," ni ọkọ̀ náà wí. Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ohùn ẹ̀rọ ni.

Baálé Ilé Ayọ̀ na ọwọ́ sí ògiri rẹ̀. "Kí lo ò rí? Odindi ilé yìí?"

"Kò sí lójúde, sà. Ohun tí kò bá hàn lójúde, kò sí."

"Èmi tí mo dúró sínú rẹ̀ ńkọ́?"

Ọkọ̀ náà rò ó díẹ̀. "Ẹ̀yin wà, sà. Orí omi lẹ wà."

Ni gbogbo àdúgbò bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan tilẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó bi í bóyá òmùwẹ̀ ni.

Ẹ̀rín náà dé Gbọ̀ngàn Ojúde, níbi tí Ìbírónkẹ́ jókòó sí pẹ̀lú oyún tó ti wọ oṣù ìbí, ṣùgbọ́n kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun ni olùtọ́jú Ojúde. Bí ilé bá sọnù níbẹ̀, ọrùn rẹ̀ ló wà.

Ojúde yẹn, ògiri kan gbáko ni, gílásì láti ilẹ̀ dé àjà. Gbogbo ilé tó léfòó ní ìlú Léfòó ló ní àwòrán tirẹ̀ lórí rẹ̀, orúkọ ilé sì wà lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọwọ́ bá fa àwòrán sí, ibẹ̀ ni ọkọ̀ afàlé ń wọ́ ilé náà lọ lọ́jọ́ Ìtòlé. Lánàá ni tọmọdé tàgbà tò wá síbẹ̀. Kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún orúkọ ilé rẹ̀ tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù tuntun tí àwọn ọmọ Léfòó tó wà lókè òkun fi ta ìlú lọ́rẹ, ó sì fa ilé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó wù ú láti bá ṣe aládùúgbò. Àríyá gbáà ni. Àwọn ìyàwó kan fa ilé wọn jìnnà sí ti ìyá ọkọ, wọ́n ní ìka ló yọ̀.

Láàárọ̀ yìí, ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni, ẹ ò bá káwọ́ lérí. Àwòrán bíi mélòó kan ti di pépà funfun, kò sí nǹkan kan lójú wọn. Àwọn mìíràn kóra jọ sí kọ̀rọ̀ kan, wọ́n gun orí ara wọn bí adìẹ tí òjò ń lé. Ilé ìyá rẹ̀ ni Ìbírónkẹ́ kọ́kọ́ wá. Ilé Ọpẹ́ wà níbẹ̀, tòun ti àwòrán àkùkọ pupa rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tirẹ̀ gan-an. Ó mí kanlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé òun ni yóò wẹ ọmọ tuntun yìí, kò sẹ́ni tó máa bá òun dù ú, ṣùgbọ́n òun ò ní torí ẹ̀ fi adìẹ òun àti ìkòkò ẹ̀fọ́ òun sílẹ̀. "Ẹ gbé ilé mi wá," ló wí. "Kí n máa ti ojú fèrèsé mi gbọ́ igbe ọmọ mi." Ibi tí wọ́n bá sì so ilé mọ́ lọ́jọ́ Ìtòlé, ibẹ̀ ló ń wà títí Ìtòlé mìíràn. Ilé tí kò bá hàn kí omi tó yí padà, ìlà òde ni wọ́n ń so ó mọ́, níbi tí ìgbì ti ń bá èèyàn jẹun nínú abọ́ kan náà. Ibẹ̀ jìn débi pé bí ọmọ bá sunkún nílé Ìbírónkẹ́, ó lè ti sùn, kó tún jí, kí ìyá àgbà tó dé.

Ọ̀gá Orímisan wọlé, omi ń kán lẹ́sẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀. Òun ni olórí àwọn ọkọ̀ afàlé, ọkùnrin gbẹ̀ǹgbẹ̀ tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Òun ló ni Ilé Ọ̀pẹ, ilé kan ṣoṣo tí igi ọ̀pẹ wà nínú rẹ̀ ní gbogbo Léfòó, tòun ti àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ aṣọ tí aráàlú bá sá.

"Ìyá ìkókó, kí ló dé? Àwọn ọkọ̀ mi ní àwọn ò rí ilé. Wọ́n ní àwọn ò rí ilé tèmi pàápàá, ilé tí ewúrẹ́ ń ké nínú ẹ̀."

"Ẹ jókòó, Bàbá. Àwòrán wọn ni kò hàn. Mo ń wò ó."

"Ṣé kò sẹ́ni tá a lè pè kó wá tún un ṣe ni?"

"Ta la fẹ́ pè? Línúsì ló ń darí ẹ̀rọ yìí, ètò tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ kankan. Inú ẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́, ẹni tó bá fẹ́ ló ń ṣí i wò. Èmi ló fẹ́ lónìí."

Ó ṣí i. Ó kọ́kọ́ pa ojú Ojúde, ó tún un tàn. Pépà funfun. Ó wọ yàrá tí ẹ̀rọ ń kó àwòrán sí, kó wò ó bóyá ẹnìkan ti pa wọ́n rẹ́. Gbogbo wọn pé síbẹ̀, àkùkọ, ọ̀pẹ, ẹja, àtùpà. Ó wò ó bóyá wọ́n ti gba àṣẹ lọ́wọ́ Ojúde láti wo yàrá náà, àṣẹ wà. Ó wá ku nǹkan kan. Ojúde ní àpò kan tó ń kó àwòrán tó bá ti rí rí sí, kó má bàa máa sáré lọ sí yàrá ní gbogbo ìgbà. Bí àpò yẹn bá gbó, ohun inú rẹ̀ a máa dàrú. Oògùn rẹ̀ kò le: kí èèyàn da ohun inú àpò nù, kí Ojúde lọ kó òmíràn wá.

"Mo fẹ́ da àpò nù," ló wí.

"Dà á nù," ni Ọ̀gá Orímisan dá a lóhùn, bíi pé ó mọ àpò tí wọ́n ń sọ.

Ó tẹ̀ ẹ́. Gílásì ṣẹ́jú. Ìgbà tó máa lajú, pépà funfun ti gba ìdajì ìlú. Ilé Ọpẹ́ tó ń wò ó lójú kòrókòró níṣẹ̀ẹ́jú tó kọjá ti di pépà. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ìbírónkẹ́ fọwọ́ bo ẹnu. Àpò yẹn kọ́ ló bàjẹ́. Àpò yẹn ló ń bò wọ́n láṣìírí látàárọ̀, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ dà á nù.

"Ilé Ọpẹ́ dà?" ló bi Ojúde.

Ojúde kọ ọ́ sójú gílásì: "Mi ò rí i."

"Ó wà ní yàrá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i níbẹ̀."

"Èyí tó wà ní yàrá kọ́ lẹ ń pè, mà. Èyí tí ẹ ń pè, mi ò rí i."

"Ẹ̀rọ yìí ti mutí," ni Ọ̀gá Orímisan wí.

Níta, omi ti kún dé etí òpó. Tó bá ti lè yí padà báyìí, àwọn ọkọ̀ afàlé ò ní lè fa ilé dojú kọ ọ́ mọ́. Ọ̀gá Orímisan wo ojú fèrèsé, ó fa àga sún mọ́ Ìbírónkẹ́, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí kì í sábà ṣe.

"Ṣó o mọ ohun táwọn ará ìlú Òdìkejì ṣe nígbà tí irú eléyìí bá wọn? Wọ́n fá orúkọ wọn."

Ní Léfòó, látìgbà tí ọmọ bá ti ń kọ́ á-bí-dí, fìlà ni wọ́n ń pe àmì tó wà lórí lẹ́tà, bàtà sì ni wọ́n ń pe èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìlú tó bá ní òun fẹ́ fá orúkọ, ṣe ló ń ṣí gbogbo lẹ́tà ní fìlà, tó ń bọ́ wọn ní bàtà, wọ́n á wá dúró báyẹn, kò sẹ́ni tó mọ ọmọ ẹni tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rọ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Bọ́tìnnì kan péré ni.

"Mo mọ̀ wọ́n," ni Ìbírónkẹ́ wí. "Lọ́jọ́sí wọ́n ránṣẹ́ pé kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá fún àwọn, ọkọ́ ni wọ́n gbé dé. Obìnrin kan sì wà níbẹ̀ tó ti ń retí ọkọ."

"Kí ló wá fi ọkọ́ náà ṣe?"

"Ó gbà á. Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ ju ọkọ tó ní tẹ́lẹ̀ lọ."

Ọ̀gá Orímisan rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Àmọ́, ọmọ mi, ìlú ń dúró."

Òótọ́ ló sọ. Ìbírónkẹ́ ṣe ẹ̀dà Ojúde sórí wàláà kékeré tó wà nítan rẹ̀, ó fá ẹ̀dà náà. Kíá, gbogbo pépà funfun di àwòrán. Ọ̀gá Orímisan ti gbọ́wọ́ sókè kó pàtẹ́wọ́, ló bá rí i pé igi ọ̀pẹ ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ìbírónkẹ́.

"Ilé ta nìyí?"

"Ilé yín ni, Bàbá. Ilé Ọpẹ́, Ilé Ọ̀pẹ. Tá a bá ti fá wọn tán, ILE OPE làwọn méjèèjì ń jẹ́. Ojúde ò gba orúkọ kan náà fún ilé méjì. Ẹ̀gbọ́n ló ń dúró, àbúrò á lọ sí ìlà òde, ilé yín sì lẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ máa wá bá mi wẹ ọmọ nìyẹn."

Ọ̀gá Orímisan wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n fẹ̀ tó àjẹ̀. "Mo máa ń wẹ ewúrẹ́," ló wí.

"Ẹ tún wo Ilé Ọ̀wọ̀. Ó ti di ọwọ̀. Ìdílé tó jẹ́ pé wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí èèyàn láti òdìkejì odò, ẹ fẹ́ kí n sọ wọ́n di ìgbálẹ̀."

Ó pa wàláà náà dé. Ká má parọ́, ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Bó bá fá orúkọ, ìlú á rìn, inú gbogbo wọn á dùn, ìyá rẹ̀ àtàwọn díẹ̀ míì nìkan ni ìyà máa jẹ. Bí kò bá fá a, tí kò sì rí ohun tó ń ṣe Ojúde, ìdajì ìlú ló máa sùn sí ìlà òde. Ta ló máa gbà gbọ́ pé kì í ṣe torí ìyá òun nìkan lòun ṣe kọ̀? Òun alára ò gbà gbọ́. Ó ṣáà mọ̀ pé orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́, àti pé orúkọ tí wọ́n bá fá, kì í tún hù mọ́.

"Tó bá jẹ́ torí ilé tèmi ni," ni Ọ̀gá Orímisan wí, "yọ ọ́ kúrò, kí màmá ẹ dúró. Èmi àtàwọn ewúrẹ́ á máa gbé ìlà òde. Kí ni ìgbì fẹ́ fi wá ṣe?"

Ojú Ìbírónkẹ́ ṣe bí ẹni fẹ́ dami. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. "Ẹ ṣé, Bàbá," ló wí. "Ẹ jẹ́ n tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Ìyá rẹ̀ ni. Ojú màmá kún inú fóònù bámúbámú, ó dé fìlà gọ̀bì kan tó tóbi jù ú lọ, fìlà náà ń yọ̀ wálẹ̀ bo ojú rẹ̀ kan.

"Àwẹ̀ró, àwọn ọkọ̀ yín ní ilé mi ò sí. Mo ní kí ọ̀kan sún mọ́ ìhín kó wá sọ ọ́ lójú àkùkọ mi."

"Màmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù. Fìlà ta lẹ dé yẹn?"

"Ti bàbá rẹ ni. Mo ń múra ìrìn àjò. Mo ní lónìí, màá múra bó ṣe máa ń múra, kó lè bá mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀." Ó ti fìlà sókè. "Ṣó o rántí? Kó tó wọ ohunkóhun, fìlà ló ń kọ́kọ́ dé. Á dé fìlà, á máa rìn kiri inú yàrá bí ọba tí wọ́n jí ṣòkòtò ẹ̀. Bàtà ló ń kẹ́yìn. Èmi, bàtà ni mo ń kọ́kọ́ wọ̀, gèlè ló ń kẹ́yìn. Títí ó fi kú la fi bá ara wa jà lórí ẹ̀."

"Màmi, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi o."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń sọ ọ́ ni. Tá a bá sì ti jáde síta tán, ta ló mọ̀? Wọ́n á ní ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe múra dáadáa. Bákan náà la ṣe ń rí lójú gbogbo ayé. Èmi tí mo wà nínú yàrá nìkan ni mo mọ èwo ló kọ́kọ́ wọ̀."

Ìbírónkẹ́ ti gbójú sókè wo gílásì. Ilé Ọlá wà níbẹ̀, àwòrán rẹ̀ ń dán. Ilé Ọ̀wọ̀ ti di pépà. Nínú Ọlá, ọ wọ bàtà, kò dé fìlà. Á dé fìlà, kò wọ bàtà. Nínú Ọ̀wọ̀, àti fìlà àti bàtà lọ̀kan ṣoṣo gbé rù. Ó wo Ìrètí, ó wo Àánú: fìlà lásán. Ó wo Ayọ̀: fìlà àti bàtà. Ó wo Ọpẹ́, ó wo Ọ̀pẹ. Gbogbo ilé tó di pépà pátá ló ní lẹ́tà kan tó dé fìlà tó tún wọ bàtà.

"Màmi," ló wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, "ẹ tún un sọ. Ta ló mọ̀?"

"Ẹni tó wà nínú yàrá. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ẹ máa múra lọ, mà. Mo ń bọ̀ wá fà yín."

Ó yí sí Ojúde. "Orúkọ Ilé Ọpẹ́ tó wà lára àwòrán yàrá, ka bí lẹ́tà ìparí rẹ̀ ṣe múra fún mi."

"E," ni Ojúde kọ. "Fìlà. Bàtà."

"Èyí tí màmá mi tẹ̀ lánàá ńkọ́?"

"E. Bàtà. Fìlà."

Ọ̀gá Orímisan dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan gílásì. "Ọ̀kan náà kọ́ ni? Mò ń wò wọ́n yìí, ọ̀kan náà ni."

"Lójú yín ni, Bàbá, torí ìta lẹ wà. Ojúde ń bẹ nínú yàrá, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń wọṣọ. Kíbọ́ọ̀dù wa àtijọ́, fìlà ló ń kọ́kọ́ dé fún lẹ́tà. Èyí tuntun, bàtà ló ń kọ́kọ́ wọ̀ fún un. Ẹni méjì ni Ojúde ń rí. Ó ti ń sọ fún mi látàárọ̀, mi ò gbọ́ ni."

Kò tún dúró bá a ṣàlàyé. Ó tẹ ìlà kan ṣoṣo sínú ẹ̀rọ: kí gbogbo orúkọ, tòní tàná, nínú yàrá àti lójúde, kọ́kọ́ wọ bàtà, kí wọ́n dé fìlà kẹ́yìn; kí ẹnikẹ́ni má ṣí fìlà, kí ẹnikẹ́ni má bọ́ bàtà. Ó ní kí Ojúde lọ wo yàrá, kó kó àpò tuntun wá.

Gílásì ṣẹ́jú. Ilé Ayọ̀ kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn ẹ̀ Ilé Ọ̀wọ̀, lẹ́yìn ẹ̀ wọn ò ṣe é kà mọ́. Àwọn tó gun orí ara wọn ní kọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀, oníkálukú lọ jókòó sáyè ẹ̀. Igi ọ̀pẹ yọ níbi tí Ọ̀gá Orímisan fà á sí. Àkùkọ pupa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Ìbírónkẹ́. Ọ̀gá Orímisan jó, gbọ̀ngàn náà sì mì lórí omi pẹ̀lú rẹ̀. Ìbírónkẹ́ ní kó rọra, kó má lọ jẹ́ kí òun bímọ síbẹ̀.

Láti ìta ni wọ́n ti ń gbọ́ àwọn ọkọ̀ afàlé tí wọ́n ń sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. "Mo rí i. Mo rí i, sà. Mo rí i, mà. Ẹ kú ìdúró." Baálé Ilé Ayọ̀ ní òun náà ti rí ara òun báyìí, òun dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n àṣà Léfòó ni pé ẹbí olùtọ́jú ló ń kẹ́yìn, kí wọ́n má bàa ní ó ń ṣojúsàájú. Ilé Ọ̀pẹ ló kàn kí wọ́n tó fa Ilé Ọpẹ́, ọkọ̀ afàlé tó ṣì lágbára ò sì ju ẹyọ kan lọ, àwọn yòókù ti lo agbára oòrùn inú wọn tán. Ọ̀gá Orímisan dúró létí omi, ó ń wo ewé kan tó léfòó. Ewé náà dúró sójú kan, kò lọ, kò bọ̀. Omi ti fẹ́ yí.

"Ẹ lọ fa Ilé Ọpẹ́," ló pàṣẹ.

"Bàbá, tiyín ló kàn," ni Ìbírónkẹ́ wí.

"Ọ̀pẹ lè dúró, ìdúró ló mọ̀ látìgbà tí wọ́n ti dá a. Ọpẹ́ ni kì í dúró." Ó bọ́ bùbá rẹ̀. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bá mi mú okùn wá. Ọwọ́ la máa fi fa tèmi."

Ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi fà á. Ìlú tó ti ń dúró látàárọ̀ rí nǹkan fi ara ṣe. Baálé Ilé Ayọ̀ wà lórí okùn, àwọn ará Ilé Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, ìyá alákàrà ń jẹ́ kí wọ́n bù jẹ bí wọ́n ṣe ń fà. Omi yí padà nígbà tí igi ọ̀pẹ kù díẹ̀ kó dé, gbogbo wọn kígbe, wọ́n fà á dé ìdí òpó tipátipá. Ewúrẹ́ kan ti jẹ apá bùbá ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n tó so okùn tán.

Ìbírónkẹ́ ò rí èyí. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, ó fọwọ́ ti ìbàdí, ó ń wo Ilé Ọpẹ́ bó ṣe ń bọ̀. Àkùkọ ti ń kọ láti òkèèrè. Ọkọ̀ afàlé rọra fi ilé náà kan tirẹ̀, ó dún gbì, àwọn ìkòkò ẹ̀fọ́ gbọ̀n, wọ́n dúró.

"Mo rí i, mà," ni ọkọ̀ náà wí, ó sì pa iná rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó di kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú mọ́ àyà, fìlà bàbá ti bò ó dé etí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lásán.

"Ẹ káàbọ̀, Màmi. Bàtà yín dà?"

"Mo ń wá a lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ní àwọn ti rí mi."

"Bàtà ló ń ṣáájú báyìí o. Mo ti fi ṣòfin fún gbogbo ìlú láàárọ̀ yìí."

"Lọ sọ ìyẹn fún ẹ̀rọ rẹ." Màmá gbọ́wọ́ sókè, ó fìdí fìlà náà múlẹ̀ dáadáa lórí rẹ̀. "Bàbá rẹ ti dé, ọmọ mi. Bàtà ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rékọjá sínú ilé ọmọ rẹ̀.